Bí A Ṣe Ń Balẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 4 Èbìbí

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ lónìí. Orúnkún òsì mi wú bíi búrẹ́dì tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ń ṣe, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Lánàá, nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, mo fò, mo lu bọ́ọ̀lù náà mọ́lẹ̀ lójú wọn, gbogbo èèyàn hó yèè. Ìgbà tí mo balẹ̀ ni orúnkún yẹ̀ sínú. Mo gbọ́ ọ kí n tó mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n ń pariwo ayọ̀, èmi ń pariwo lórí ilẹ̀, kò sẹ́ni tó tètè mọ̀ pé ariwo méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àbúrò mi, tí àwa méjèèjì jọ wà nínú ẹgbẹ́ fọ́líbọ́ọ̀lù yìí, ló gbé mi délé. Ó ń sunkún ju èmi tí mo ṣèṣe lọ. Bàbá àwọn ọmọ fi táwẹ́ẹ̀lì wé yìnyín, ó gbé e lé orúnkún mi, kò sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ọkùnrin yìí ò bá sọ nǹkan kan ni mo máa ń bẹ̀rù.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí a ń pè ní Gígùn ni mò ń rò. Òun ni kápútẹ̀n kí n tó jẹ ẹ́. Báyìí gẹ́lẹ́ ni tirẹ̀ ṣe, okùn tó di orúnkún rẹ̀ mú já lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ pápá láti ìgbà náà. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ n rí irú ẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Èbìbí

Ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán inú orúnkún. Okùn kò já. Mo ní kí dókítà tún un sọ, ó tún un sọ: kò já, ó fà ni. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, àfi bí mi ò ṣe lè dìde.

Wọ́n ní kí n lọ rí obìnrin tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé, ní yàrá tó wà lẹ́yìn pátápátá. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín rárá. Mo ti sọ ọ́ ní Aláìrẹ́rìn-ín nínú ọkàn mi. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró níwájú dígí ńlá kan, kí n rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹsẹ̀ tó dáa nìyẹn o." Ó ní òun mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Orúnkún tó dáa náà rọra fi ojú sí inú.

"Ibo lẹ rí i tó ń lọ, mà?"

"Ó fẹ́ lọ kí èkejì rẹ̀."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìdí mi, lókè itan, lápá ìta. Mo fò sókè nítorí ó dùn mí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ló yẹ kó di itan mú kó má baà wó sínú tí èèyàn bá balẹ̀. Tèmi ò lágbára tó láti di nǹkan kan mú, orúnkún ló wá ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá. Ó ní obìnrin tó ń sáré, tó ń fò, tí tiwọn rí báyìí pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣèṣe, kì í sì í ṣe ìdí nìkan ló ń fà á, ṣùgbọ́n kò sí bí òun ṣe máa rí èyí kí òun dákẹ́.

Mo bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó gbé mi wá. Ọjọ́ kọkànlá oṣù Agẹmọ la máa gbá eré tó kẹ́yìn. Bí a bá pàdánù rẹ̀, ẹgbẹ́ wa já sí ìpele ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mí, kò sẹ́ni tó máa dúró dè mí di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé màá lè gbá a?

Ó ní, "Ẹ máa ṣe ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Tó bá ku ọjọ́ díẹ̀, ẹ ó fi ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan fò níwájú mi. Tí òsì bá fò tó ọ̀tún, ẹ lọ gbá a. Tí kò bá tó o, ẹ jókòó. Tó bá tún yẹ̀ bó ṣe yẹ̀ yẹn, mi ò lè ṣèlérí pé kò ní já."

Mo ní mo gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 7 Èbìbí

Rọ́bà fífẹ̀ kan tó ń nà ni Aláìrẹ́rìn-ín fún mi. Màá so ó mọ́ itan méjèèjì, màá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, màá máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè. Ìyẹn nìkan. Màmá mi wọlé bá mi lórí ẹní, ó wò mí títí.

"Kí lò ń ṣe?"

"Ìdí mi ni mò ń fún lágbára, Màmá."

"Ìdí? Ṣebí orúnkún ló dùn ọ́?"

"Wọ́n ní ìdí ló jẹ́ kí orúnkún dùn mí."

Ó pàtẹ́wọ́. "Ayé ti bàjẹ́. Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún, ta ló fún ìdí mi lágbára?" Ó ń lọ sí kíṣìnì, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń kí mi nínú ilé yìí: "Ìdí ńkọ́? Ṣé ìdí jí dáadáa?"

Àbámẹ́ta, 9 Èbìbí

Mo lọ wo àwọn ẹgbẹ́ mi ní pápá. Wọn ò rí ibi tí mo lè jókòó sí lápá òsì, nítorí ògiri ilé ìkẹ́rù sún mọ́ pápá jù níbẹ̀, ni mo bá jókòó lápá kejì, mo na ẹsẹ̀. Kóòṣì fi àbúrò mi sí ipò mi. Ọkàn mi ṣe bákan, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ta ni ǹ bá fẹ́ kó wà níbẹ̀ bí kì í ṣe òun?

Mo pè é, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fò lápá òsì wa: sá wá, fò, lù ú, balẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, yí kúrò. Ìrìn ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń pè wá ní Ẹlẹ́sẹ̀-kan, inú wa sì máa ń dùn sí i. Ó tètè mọ̀ ọ́n. Ó fò, ó lù ú, ó yí bí òòyì. Mo pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta mí.

Ọjọ́ Ajé, 18 Èbìbí

Ìtìjú. Mo lọ fọ́nnu fún Aláìrẹ́rìn-ín pé mo ti ń gbé ẹsẹ̀ dé òkè, pé ó ti rọrùn fún mi. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí n fi ẹ̀yìn, ìdí àti gìgísẹ̀ ti ara ògiri, kí n wá gbé e. Ẹsẹ̀ kọ̀, kò kúrò nílẹ̀ ju ìwọ̀n ìkúùkù lọ. Gbogbo ara mi ń gbọ̀n.

"Láti ọjọ́ yìí wá," ló wí, "ẹ̀yìn yín lẹ ti fi ń gbé e. Ẹ ń yí ara sẹ́yìn, itan iwájú ń ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó yẹ kó ṣiṣẹ́ ò tíì ṣe nǹkan kan."

Mo sunkún nínú mọ́tò. Obìnrin tó jókòó tì mí rò pé èèyàn mi kú, ó ń bá mi kẹ́dùn, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé pé ìdí ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19 Èbìbí

Mo gbé àpótí aṣọ kúrò lára ògiri yàrá wa kí n lè ríbi fi ẹ̀yìn tì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Èbìbí

Òjò láti àárọ̀. Ìyẹ̀fun tún ti wọ́n sí i, ọ̀gá wa ní ilé búrẹ́dì ń bínú sí gbogbo ohun tó ń mí. Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ́ kí n wà níbi ìdìpọ̀, kí n máa jókòó. Bí mo ṣe ń fi ọ̀rá di búrẹ́dì ni mò ń fún ìdí pọ̀, tí mò ń tú u sílẹ̀, lábẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Mo sọ ọ́ fún Màmá nílé, ó ní kí n ṣọ́ra kí n má fi búrẹ́dì oníbúrẹ́dì ṣeré.

Ọjọ́ Ajé, 1 Òkúdù

Mo gun àtẹ̀gùn ilé láìdi nǹkan kan mú. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mo tún un gùn. Bàbá àwọn ọmọ dúró nísàlẹ̀, ó ní, "Ṣé o gbàgbé nǹkan sókè ni?" Mo ní rárá o. Ó wò mí, ó yé e, ojú rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 6 Òkúdù

Kóòṣì wá sílé. Ó jókòó fẹ́ẹ́rẹ́ létí àga bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ. Ọ̀la la ní eré, ó sì le.

"Kápútẹ̀n, mi ò ní kó o gbá a tán. Wọ aṣọ, jókòó. Tó bá di ojú ẹ̀, wọlé ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Tí wọ́n bá kàn rí ẹ, ẹ̀rù á bà wọ́n."

"Kóòṣì, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ yìí ò tíì tó."

"Ṣebí o ń rìn?"

"Mò ń rìn. Mi ò tíì balẹ̀."

Ó ní ara mi nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ó kù díẹ̀ kí n lọ mú bàtà. Màmá, tó ti ń fi ìdí mi ṣe yẹ̀yẹ́ láti oṣù tó kọjá, ló jáde láti kíṣìnì. Ó ní, "Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kóòṣì, ẹ mu omi kẹ́ ẹ máa lọ." Kóòṣì mu omi. Ó lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Òkúdù

A pàdánù. Àwọn ẹgbẹ́ mi ò bá mi sọ̀rọ̀ púpọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 11 Òkúdù

Mo dé láti ibi iṣẹ́, mo bá àbúrò mi ní kíṣìnì wa. Ó ká ṣòkòtò sókè, ó gbé yìnyín lé orúnkún. Bó ṣe rí mi ló fa ṣòkòtò wálẹ̀.

"Kí nìyẹn?"

"Kò sí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ó kàn ń ta mí ni."

"Láti ìgbà wo?"

Ó gbé yìnyín sílẹ̀. Ó wá ní, "Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé mi ò lè dúró síbi tẹ́ ẹ fi mí sí."

Mo jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ kíṣìnì. Orúnkún òsì ni. Òsì ni tèmi. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo ṣubú láti oṣù tó kọjá, mi ò tíì wo ẹ̀yìn rí. Mo dìde, mo lọ sílé Gígùn báyìí báyìí.

Ó ń ránṣọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Inú rẹ̀ kì í dùn tí a bá bá a sọ ọ̀rọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, orúnkún yín wo ló já?"

"Òsì. Ṣó o gbàgbé ni?"

"Ẹni tó wà nípò náà ṣáájú yín ńkọ́? Kí ló lé òun kúrò?"

Ó gbé orí sókè. "Orúnkún." Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Òsì náà ni."

"Ta ló kọ́ yín láti balẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ yí kúrò?"

Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀ títí. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Ògiri ló kọ́ mi. Tí mo bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ níbẹ̀, èjìká mi á gbá ilé ìkẹ́rù."

Gbogbo ọdún tí a fi ń yangàn pé Ẹlẹ́sẹ̀-kan ni wá, ògiri là ń sá fún. Ẹnu mi yìí náà ni mo sì fi kọ́ ọmọ ìyá mi. Inú bí mi débi pé mi ò lè sùn.

Àbámẹ́ta, 13 Òkúdù

Mo kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ kí Kóòṣì tó dé. Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí wọ́n rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹnì kejì máa wo orúnkún wọn. Àwọn tí tiwọn ń wó sínú ju àwọn tí tiwọn dúró lọ. Ẹ̀rín pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ẹ̀rín tán.

Kóòṣì dé. Mo sọ fún un pé òpó àwọ̀n gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Ó ní ṣé orí mi pé. Ó ní eré ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi fẹ́ wú pápá.

"Kóòṣì, àwa mẹ́ta ti fi orúnkún òsì san owó ibodè fún ògiri yìí. Ẹ̀kẹrin ló dúró síwájú yín yẹn, àbúrò mi ni. Tí ẹ ò bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, èmi á gbẹ́ ẹ."

Ó ní, "Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Mo ní, "Pẹ̀lú ọwọ́."

Oòrùn mú gan-an. A gbẹ́ ihò tuntun méjì, a hú òpó, a fà á kúrò lẹ́bàá ògiri. Kóòṣì dúró, ó ká ọwọ́ gbera. Nígbà tí ihò kejì dé ìdajì ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ mi, ó ní a ò mọ ilẹ̀ gbẹ́.

Ọjọ́rú, 17 Òkúdù

Símẹ́ńtì ti le. Láti òní, a ò ní fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù kí a tó so rọ́bà mọ́ itan, kí a rin ìrìn akàn lọ, kí a rìn ín bọ̀. Lẹ́yìn náà, fífò àti bíbalẹ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì, orúnkún kó kọjú síwájú, ìdí kó lọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó. Kóòṣì ti sọ ọ́ di tirẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó ní òun ò fẹ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Tí ẹnì kan bá balẹ̀ gbì, á ní, "Ta ló ju àpò ìyẹ̀fun sílẹ̀?" Èmi ló ń bá wí.

Àbúrò mi ṣì ń sinmi. Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ Aláìrẹ́rìn-ín. Ó ní a tètè rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 Òkúdù

Mo fò lónìí. Kò ga. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo di ojú.

Ọjọ́ Ajé, 29 Òkúdù

Mo tún fò. Mo la ojú.

Ọjọ́rú, 8 Agẹmọ

Àyẹ̀wò. Aláìrẹ́rìn-ín na téèpù sílẹ̀. Ọ̀tún kọ́kọ́ fò, ó dáa. Òsì fò, kò tó o. Ó fi báírò fa ìlà sílẹ̀. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi fẹ̀gbẹ́ ti ògiri, gbogbo yẹ̀yẹ́ Màmá, ló ń kọjá lójú mi.

Ó ní, "Ẹ ò fi ìdí fò. Ìbẹ̀rù lẹ fi fò. Ẹ tún un fò."

Mo mí. Mo jókòó díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ bó ṣe kọ́ mi, mo fò. Mo balẹ̀, mo dúró lórí ẹsẹ̀ kan náà, orúnkún kọjú síwájú, kò wó. Ó wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Ó ní kí n fò ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i kó má baà jẹ́ oríire lásán. Mo fò ó, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ẹ lọ gbá a."

Mo dì mọ́ ọn. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tì mí kúrò.

Àbámẹ́ta, 11 Agẹmọ

Mo fẹ́ kọ ọ́ kó tó kúrò lára mi.

Ilé wọn la ti gbá a, inú gbọ̀ngàn ńlá, òrùlé ga, àyè fẹ̀ níbi gbogbo. Kóòṣì fi àbúrò mi, tí Aláìrẹ́rìn-ín ti ní orúnkún rẹ̀ yá, sí àárín, èmi sí apá òsì mi. Wọ́n jẹ méjì nínú sẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, àwa náà jẹ méjì. Ó wá ku sẹ́ẹ̀tì karùn-ún, èyí tó ń pa èèyàn.

Bọ́ọ̀lù kìíní tí wọ́n gbé sókè fún mi níbẹ̀, mo fò, ara mi fúnra rẹ̀ rántí ohun àtijọ́, ó ti ń yí kúrò kí n tó lù ú dé. Bọ́ọ̀lù wọ inú àwọ̀n. Mo balẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì, àánú Ọlọ́run ni. Inú mi bà jẹ́. Ni mo gbọ́ ohùn àbúrò mi láti àárín, ó ké mọ́ mi níwájú gbogbo ayé:

"Ẹ̀gbọ́n! Kò sí ògiri níbí o!"

Mo wò. Lóòótọ́ ni. Kò sí nǹkan kan lápá òsì mi bí kò ṣe ilẹ̀.

Wọ́n tún gbé òmíràn fún mi nígbà tó ku àmì kan péré kí a jẹ ẹ́. Ó ga, ó lọ́ra, ó ń bọ̀ wá bá mi lápá òsì. Mo sá wá, mo fò pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo ní, mo lù ú. Mi ò mọ ibi tó bọ́ sí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mò ń wò bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálẹ̀, òsì àti ọ̀tún, orúnkún méjèèjì dojú kọ iwájú bí ìbejì tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n balẹ̀ pẹ̀lẹ́. Mo ṣì tẹ̀ ba síbẹ̀, mò ń wò wọ́n, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ ya bò mí mọ́lẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ pé a ti jẹ ẹ́ nìyẹn.

A ò já. Èmi àti ẹgbẹ́ mi, a ò já. Mo sunkún, kò sì ti mí lójú.

Ọjọ́ Àìkú, 12 Agẹmọ

Gbogbo ara ń ro mí, àfi orúnkún.

Lọ́sàn-án, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Gígùn ni. Kò wá sílé wa láti ìgbà tó ti ṣèṣe. Mo rò pé ó wá kí mi kú oríire, ó sì kí mi, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ibi ògiri yàrá tí a ti gbé àpótí kúrò, níbi tí ẹ̀yìn mi ti pa ọ̀dà rẹ́.

Ó ní, "Rọ́bà yẹn. Ibo lo ti rà á?"

Mo tú èyí tó wà nítan mi, mo fi lé e lọ́wọ́, mo tẹ́ ẹní fún un.